Ẹ fi ohun tí í ṣe ti Késárì fún Késárì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Láti ọdún 1999 tí mo ti kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Kalifọ́níà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbarà ló máa ń gé ojú ìwé tó bá dùn nínú ìwé ìròyìn yín pamọ́ fún mi. Tẹ́lẹ̀, inú àpò èlùbọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí bí èèyàn bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa; ọ̀pọ̀ ìròyìn yín ni mo ti kà tó ń rùn bí irú. Ní báyìí, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àjèjì ló fẹ́ bá yín wí.

Ọ̀rọ̀ ojú ìwé oúnjẹ yín ni. Lóṣù tó kọjá, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ ó kọ́ àwọn ìyá ilé bí a ṣe ń ṣe sàláàdì Késárì nínú ilé, àti irú wáìnì tí a ó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ ní Késárì olú-ọba Róòmù ló ni í. Ẹ ní kí a rẹ́ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, kí a da ẹ̀wà inú agolo sí i, sàdíìnì agolo méjì, ẹyin sísè, máyónéèsì ìgò kan gbáko, kí a pò ó pọ̀ lálẹ́ kó lè wọra, kí a wá gbé e fún àlejò lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú wáìnì pupa aládùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà yín gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn àna ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é, kò yẹ̀ níbì kan. Aago mẹ́ta òru ni fóònù mi dún. Lọ́dọ̀ tiwọn, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni.

"Ìyá Ìbejì, sàláàdì yìí ń sunkún o. Mo ṣí kúlà, omi ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti rọ̀ bí aṣọ tí a rẹ sómi ọṣẹ. Àwọn èèyàn náà sì ti dé Ìta-Ọ̀ṣìn."

Kí ni mo lè ṣe láti orí ibùsùn mi? Mo ní kí wọ́n sẹ́ ẹ nínú asẹ́, kí wọ́n tètè gbé mọ́ínmọ́ín jáde. Wọ́n sẹ́ ẹ. Omi tó jáde tó ife mẹ́rin. Iyọ̀ inú máyónéèsì yẹn ló fà á, bó ṣe jẹ́ pé iyọ̀ la fi ń fa oje ewúro jáde bí a bá ń fọ̀ ọ́. Ìyàwó ilé tó ti fọ ewúro rí yẹ kó mọ èyí kó tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí ewé sun inú máyónéèsì mọ́jú.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú sàláàdì òde àríyá wa. Mo jẹ ẹ́ dàgbà. Kò sí kérésìmesì nílé wa tí bàbá mi kò ní ra ìgò sàláàdì kíríìmù kan, èyí tí ilé iṣẹ́ Heinz ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1914, tí àwọn náà wá kó o wá bá wa. Ẹ̀wà inú agolo lórí kábéèjì, ẹyin tí a là sí méjì lókè rẹ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù: ó dára ní ààyè tirẹ̀. Ẹ pè é ní sàláàdì àríyá, a ó dúpẹ́. Orúkọ ẹlòmíràn tí ẹ wá fún un ló bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní San Diego. Ewé ni iṣẹ́ tèmi. Láti aago mẹ́fà àárọ̀, mo ń já létúùsì, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń gbẹ ẹ́, mò ń po ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e lórí. Bí èèyàn mẹ́wàá bá béèrè sàláàdì lọ́jọ́ kan, mẹ́fà nínú wọn, ti Késárì ni. Ilé mi sì wà ní Chula Vista, ìlú tó wà láàárín San Diego àti ẹnubodè Mẹ́síkò. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin pupa nítòsí ilé mi, kò pẹ́ tí mo fi ń dé San Ysidro. Mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnubodè, mo ti wà ní Tijuana nìyẹn. Tijuana yìí gan-an ni wọ́n ti bí sàláàdì Késárì. Kì í ṣe Róòmù.

Késárì tiwa yìí, Caesar Cardini lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ítálì ni, ọdún 1896 ni wọ́n bí i, ní agbègbè adágún Maggiore. Ó ré òkun wá sí Amẹ́ríkà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí San Diego. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ti fòfin de ọtí láti ọdún 1920, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ìparí ọdún 1933. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ tí kò sì lè ta wáìnì mọ́ ọn, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Ítálì, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti dè. Cardini wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó lọ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ ní Tijuana, níbi tí òfin Amẹ́ríkà kò dé. Àwọn òùngbẹ San Diego àti Los Angeles bá ń wọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn òṣèré sinimá Hollywood pàápàá ń wọ mọ́tò wá.

Ìtàn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rosa, máa ń sọ ni pé ọjọ́ kẹrin oṣù Agẹmọ ọdún 1924, tí í ṣe ọjọ́ òmìnira àwọn ará Amẹ́ríkà, èrò pọ̀ débi pé oúnjẹ tán nílé ìdáná. Ohun tó kù kò ju ewé létúùsì, ẹyin, búrẹ́dì, wàràkàṣì líle, òróró ólífì àti nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ bíi mélòó kan. Bàbá rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jáde síwájú àlejò, ó ń pò ó lójú wọn bí ẹni ń pidán, kí wọ́n lè máa wò ó dípò kí wọ́n máa béèrè ẹran. Àwọn kan ń jiyàn sí i. Wọ́n ní ọwọ́ Alex arákùnrin rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì fi ẹja anchovy sí i. Òmíràn tó ṣiṣẹ́ nílé ìdáná náà ní ìyá òun ló kọ́ òun. Oúnjẹ tó bá lókìkí kì í ní bàbá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń jà sí i, kò sí ẹnì kan tó dárúkọ ẹ̀wà inú agolo.

Ẹ wá kíyè sí i: ọtí ló bí sàláàdì yìí. Ká ní Amẹ́ríkà kò fòfin de wáìnì ni, Cardini kì bá tí kọjá ẹnubodè, èrò kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ kì bá tí tán. Nítorí náà, wáìnì tí ẹ sọ gbólóhùn kan lé lórí ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé yín, òun gan-an ni ìyá ọ̀rọ̀. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ilé oúnjẹ náà ṣì wà lójú títì Avenida Revolución. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Agbáwo yóò ti tábìlì kékeré kan wá síwájú yín, abọ́ igi ńlá lórí rẹ̀. Yóò fọ́ aáyù àti anchovy mọ́ ara wọn lára abọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí, yóò fi pupa ẹyin sí i, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́, yóò máa kán òróró sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dúró. Odindi ewé ni yóò yí sínú rẹ̀, kò ní gé e. Lẹ́yìn náà ni yóò tò ó sínú àwo, búrẹ́dì yíyan kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láyé Cardini, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: ẹ mú ewé níbi ìdí rẹ̀ bí ẹni mú eegun adìyẹ, ẹ gé e jẹ láti ṣóńṣó. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Agbáwo náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, a kì í bá ọwọ́ jà nídìí oúnjẹ.

Ó yá, bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé nìyí. Èèyàn mẹ́rin ni mo fojú sọ́nà fún.

Ewé ni ẹ ó kọ́kọ́ mójú tó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Létúùsì olórí gígùn tí wọ́n ń pè ní romaine ló ni iṣẹ́ náà, nítorí igi àárín ewé rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń ró kánkán lẹ́nu. Bí ẹ kò bá rí i ní ọjà Kútọ̀, ẹ ra orí létúùsì lásán mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń gbìn ín sẹ́bàá odò, kí ẹ yọ ewé ìta sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀, kí ẹ lo ti inú. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi àkọ́kọ́ kí kòkòrò lè jáde, kí ẹ sì fi omi mímọ́ tí ẹ lè mu fọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ rántí pé omi odò yẹn náà ni wọ́n fi ń bomi rin ín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ ẹ́. Gbígbẹ yìí, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pariwo rẹ̀ lé mi létí. Òróró kì í lẹ̀ mọ́ ewé tó tutù fún omi. Yóò yọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ àwo, ẹ ó wá máa jẹ ewé òfìfo. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura mímọ́ sórí tábìlì, ẹ to ewé sí i, ẹ ká a bí ẹní, ẹ sọ ọ́ sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Bí iná ò bá sí, ẹ gbé e sínú kúlà lórí yìnyín tí ẹ dì sínú ọ̀rá.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa yánrin níbí. Ẹ̀fọ́ yánrin tí àwọn ìyá wa ń sè, ìbátan létúùsì ni. Ẹ ṣẹ́ igi ewé méjèèjì, ẹ ó rí oje funfun kan náà tó ń jáde bí wàrà. Nígbà tí mo wá sílé lọ́dún 2016, mo fi ewé yánrin ọ̀dọ́ mẹ́rin sáàárín létúùsì ẹ̀gbọ́n mi. Ó korò díẹ̀, kíkorò tó ń jẹ́ kí ẹnu jí. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn ni yóò dà.

Búrẹ́dì: ti àná ni kí ẹ lò. Búrẹ́dì Àgége ní ṣúgà nínú, nítorí náà ó máa ń jóná kó tó gbẹ. Bí òun lẹ bá ní, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ fi òróró díẹ̀ ra á, ẹ yan án lórí iná tó rọra ń jó, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a dín in nínú òróró gbígbóná. Mi ò bá wọn lọ. Búrẹ́dì tó ti mu òróró yó kò ní rí àyè fún ọbẹ̀ mọ́.

Ọbẹ̀ rẹ̀ wá kù. Aáyù ẹyọ méjì àti ìwọ̀n iyọ̀ díẹ̀, ẹ gún un nínú odó kékeré títí yóò fi kúnná bí ògì. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe lórí ọlọ tí ẹ fi ń lọ ata rodo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlejò yín yóò sunkún ju sàláàdì ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹ fi anchovy mẹ́rin sí i bí ẹ bá rí i nínú agolo. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má dààmú, nítorí Cardini fúnra rẹ̀ kò fi í sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe sọ. Adùn ẹja tó ń yọ níbẹ̀, inú ọbẹ̀ Worcestershire ló ti wá. Omi dúdú inú ìgò tí Lea & Perrins ti ń tà láti ọdún 1837 nìyẹn. Anchovy tí a fi iyọ̀ pamọ́ wà nínú rẹ̀, àjàgbọn wà nínú rẹ̀, aáyù wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ẹ̀fọ́ rírò náà ló ń ṣe: ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó mọ̀. Ṣíbí tíì kan ti tó.

Pupa ẹyin méjì ló kàn. Cardini máa ń fi ẹyin rẹ̀ sínú omi hó fún ìṣẹ́jú kan péré, kó tó fọ́ ọ sórí ewé. Èmi kò ní bá yín purọ́: ìṣẹ́jú kan kò pa àrùn tó bá wà nínú ẹyin. Aláboyún, ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n mi tó ti pé ẹni ọdún 71, mo ní kí wọ́n se ẹyin náà jinná dáadáa, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ pupa rẹ̀ mọ́ aáyù títí yóò fi dà bí àtè. Ó ki ju ti Tijuana lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé òróró dúró. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí ìjẹun méjì. Ọ̀pọ̀ ìwé oúnjẹ yóò sọ fún yín pé lẹ́mọ́ọ̀nù ni. Àwọn ará Mẹ́síkò kò rò bẹ́ẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò, òun náà ló sì pọ̀ lọ́jà wa. Kí ẹ wá máa da òróró ólífì sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kán oògùn sí ojú ọmọ, ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Pupa ẹyin ló ń so omi ọsàn àti òróró pọ̀. Bí ẹ bá sáré da òróró sí i, wọn yóò kọ ara wọn sílẹ̀, kò sì sí àgbà tí yóò parí ìjà náà.

Ata dúdú ni wọ́n ń lọ̀ sí i. Ìyèré wa bá a tan, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán jù ú lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, díẹ̀ báyìí. Wàràkàṣì Parmesan wá ni òwò ibẹ̀. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ó kéré tán, ọdún kan ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kó tó jáde lọ́jà ní Ítálì, owó ọdún náà ni ẹ ń san. Ṣùgbọ́n gírámù 50 ti tó èèyàn mẹ́rin bí ẹ bá rin ín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ má fi wàrà Fúlàní rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ràn wàrà, ẹ dín in kí ẹ fi ata sí i, mo ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wàrà tutù, kò ní iyọ̀, kò sì ní ọjọ́ orí. Iyọ̀ àti ọjọ́ orí ni a ń wá níhìn-ín.

Nígbà tí àlejò bá ti jókòó, tí wọ́n ti fọwọ́, ìgbà náà ni kí ẹ kó ewé sínú abọ́, kí ẹ da ọbẹ̀ lé e, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, gbé e sílẹ̀, títí gbogbo ewé yóò fi máa dán. Wàràkàṣì, búrẹ́dì, ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kó ti tán nínú àwo. Èyí tí ẹ ní kó sùn mọ́jú ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ wáìnì.

Ẹ ní pupa aládùn. Mo mọ ibi tí ẹ ti rí i: òun ló wà lórí tábìlì níbi gbogbo ìnáwó wa, tí ìyá ìyàwó ń mu kékeré, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi yìnyín sí. Ẹ dán an wò lórí sàláàdì yìí. Ohun tó ń mú ẹnu ṣù pọ̀ nínú wáìnì pupa, bí obì ṣe ń ṣe sí eyín, kì í bá ẹja àti ẹyin rẹ́. Bí ẹni fi ahọ́n lá kọ́bọ̀ àtijọ́ ni yóò rí lẹ́nu yín. Ṣúgà inú rẹ̀ yóò sì máa bá ọsàn wẹ́wẹ́ jà, aáyù yóò wá yọjú láàárín wọn bí ẹni tí a kò pè.

Ṣé ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ Yorùbá ní èyí ni? Àwa tí a mọ̀ pé àkàrà gbígbóná ń fẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú! Àkàrà ní òróró, ó ní iyọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, omi rẹ̀ sì tutù. Ẹ gé àkàrà, ẹ bu gàrí sẹ́nu, kíkan yẹn á gbá òróró kúrò lórí ahọ́n, ẹ ó tún fẹ́ gé òmíràn. Ẹ wá fi gàrí tí kò kan rárá, tí ẹ ti da ṣúgà kún fọ́fọ́, dán an wò, ẹ ó rí i pé àkàrà mẹ́ta ni yóò sú yín. Gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ wáìnì nídìí sàláàdì Késárì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀; wáìnì náà gbọ́dọ̀ kan tó ọsàn yẹn, bí kò bá kan tó o, bí omi lásán ni yóò rí lẹ́nu.

Nítorí náà, wáìnì funfun tí kò ní ṣúgà ni kí ẹ wá. Sauvignon Blanc dára. Chablis ti ilẹ̀ Faransé dára púpọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n rà ni Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà, nítorí kò ṣòro láti rí ní Nàìjíríà, kò wọ́n bí ti Faransé, àjàrà funfun yìí sì ni wọ́n gbìn jù lọ lọ́hùn-ún. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ "dry" sára ìgò rẹ̀. Èmi, bí mo bá wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín, wáìnì àfonífojì Guadalupe ni mò ń rà. Ó wà ní gúúsù Tijuana, lẹ́bàá ìlú Ensenada, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì Mẹ́síkò ti ń wá. Òkun kò jìnnà sí i, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sórí àjàrà ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí kíkan rẹ̀ sọnù nínú oòrùn yẹn. Sàláàdì náà àti wáìnì náà, ọmọ àdúgbò kan ni wọ́n.

Kó tutù o. Kì í ṣe bí omi inú fíríìsà tó ń dun eyín, ṣùgbọ́n bí omi àmù ìyá mi àgbà láàárọ̀ ọyẹ́. Bí iná ìjọba kò bá sí, ẹ fi ìgò náà sínú garawa, omi àti yìnyín, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì. Ogún ìṣẹ́jú ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí ẹ kò rántí rárá. Àna ẹ̀gbọ́n mi, Alájì ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, Alájì ni. Ìdajì àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Abẹ́òkúta, ẹnu wọn kì í kan ọtí. Kí ni kí àwọn fi jẹ tiwọn, Fáńtà? Ìdáhùn rẹ̀, Tijuana náà ni mo ti rí i. Lọ́jọ́ kan mo rí ìgò gíláàsì ńlá kan lórí àtẹ nínú ọjà wọn, omi pupa rokoso nínú rẹ̀. Mo béèrè, obìnrin náà ní agua de jamaica ni. Mo tọ́ ọ wò, mo pariwo: "Sóbò!" Òdòdó ìṣápá pupa kan náà ni, àwọn náà ń rẹ ẹ́ bí a ṣe ń rẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ se sóbò yín pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má fi ṣúgà sí i, tàbí kí ẹ fi bíńtín, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Kíkan ìṣápá ń ṣe iṣẹ́ tí kíkan àjàrà ń ṣe. Nínú ilé tèmi, bí àwọn ìbejì bá wà nílé, òun ni a ń mu sí i, ìgò wáìnì á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún un ṣe. Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi wà lórí fóònù, fídíò ṣí sílẹ̀, wọ́n gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Wọ́n kọ́kọ́ sáré da òróró, ó já, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin míràn, wọ́n bú mi díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ki. Wọ́n gbé e síwájú Alájì ọkọ wọn pẹ̀lú ife sóbò. Alájì mú ewé kan níbi ìdí rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún mú òmíràn. Ó jẹ ewé mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ó dùn. Àmàlà ńkọ́?"

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ gbé àtúnṣe jáde lójú ìwé kan náà, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń kó ìkéde ọkọ̀ títà sí. Ìgbéyàwó náà ku oṣù méjì, ìyá ọkọ sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun náà gé ojú ìwé yín pamọ́, pé sàláàdì Késárì yẹn lòun fẹ́ sè fún irínwó èèyàn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Chula Vista, Kalifọ́níà.